Yanrìn tí wọ́n dà sí Bar Beach, níbo ló gbà lọ?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó tó gbọ́njú bá orúkọ Bar Beach, etí òkun Victoria Island, ló rò pé nítorí ọtí tí wọ́n ń mu níbẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí mo fi dàgbà. Ó kúkú jọ ọ́: ọtí wà, sùyà wà, ẹlẹ́ṣin wà tí yóò ti gbé ọmọ yín sórí ẹṣin kí ẹ tó dúnàá dúrà, àwọn Aládùúrà aláṣọ funfun sì wà lápá kan pẹ̀lú àbẹ́là àti agogo. Àmọ́ òkìtì yanrìn ni "bar" tí wọ́n fi sọ ibẹ̀. Abẹ́ omi ni òkìtì náà wà, ní ẹnu ibi tí ọ̀sà Èkó ti ń bọ́ sínú òkun, ó sì ń dá ọkọ̀ ńlá lẹ́kun àtiwọlé láyé àtijọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ yìí ti bẹ̀rẹ̀, torí òkìtì yẹn náà ni afárá tí yanrìn ń gbà sọdá. Ọjọ́ tí wọ́n yọ afárá náà ni Bar Beach ti bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

Kí n tó dé orí ìtàn, ẹ jẹ́ ká wo bí yanrìn ṣe ń rìn, torí ẹni tí kò bá mọ ìyẹn á máa sọ pé òkun ń jẹ ilẹ̀. Tí ẹ bá dé etí òkun èyíkéyìí láti Badagry títí dé Lẹ́kí, ẹ kọjú sí omi, kí ẹ ju èèpo ọsàn síbi tí ìgbì ti ń fọ́. Ìgbì á gbé èèpo náà gun orí yanrìn, ṣùgbọ́n kò ní gbé e bọ̀ tààrà. Á gbé e gba ẹ̀gbẹ́, á já a sílẹ̀ díẹ̀ sí ọwọ́ òsì yín. Omi á wá fà. Nígbà tó bá ń fà, tààrà ló ń sọ̀ kalẹ̀, bí omi òjò ṣe ń sọ̀ lórí páànù. Ìgbì mìíràn dé, ó tún gbé e gba ẹ̀gbẹ́. Ẹ ka ìgbì bí ogún, ẹ ó rí i pé èèpo ọsàn yín ti kúrò níwájú yín, ó ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ṣin. Bẹ́ẹ̀ ni horo yanrìn kọ̀ọ̀kan ṣe ń rìn, tọ̀sán tòru.

Ìgbì wa kì í sábà ti ìtòsí wá. Ìjì tó ń jà nísàlẹ̀ Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún ló ń bí i, á rìn fún ọjọ́ mélòó kan kó tó débí, láti ìhà gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn ló sì máa ń wá. Etí òkun wa ní tirẹ̀ na gbọọrọ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ni ìgbì fi ń gbá a, ìlà-oòrùn sì ni yanrìn ń lọ. Àwọn onímọ̀ òkun fi iye yanrìn tó ń kọjá bẹ́ẹ̀ sí kúbíìkì mítà 500,000 sí 1,000,000 lọ́dún. Ẹni tí kúbíìkì mítà kò bá yé, kó rò ó ní típà. Tí típà kan bá gbé kúbíìkì mítà 10, ó tó típà 137 lójúmọ́ lọ́dún tí òkun bá rọjú, ó sì lé ní 270 lọ́dún tó bá le. Wọn kì í sinmi lọ́jọ́ Àìkú, wọn kì í sì dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí Iléyá.

Wọ́n ní ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Etí òkun tí ẹ rí tó dúró sójú kan látọdún gbọọrọ, ọjà Ọ̀yìngbò ni: ẹni tó ń wọlé kò dín sí ẹni tó ń jáde, ìdí nìyẹn tí ẹ fi rò pé nǹkan kan ò yí padà níbẹ̀. Ẹ wá lọ ti ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé pa, kí ẹ sì ṣí ti ìjáde sílẹ̀. Ọ̀yìngbò á mọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bar Beach gan-an nìyẹn. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ òkun á dúró sẹ́yìn òkìtì yanrìn yẹn, wọ́n á máa fi ọkọ̀ kéékèèké kó èrò àti ẹrù wọ Èkó. Ìjọba òyìnbó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ tí ń wa yanrìn wá ní 1907, Egerton ni wọ́n pè é, orúkọ gómìnà ìgbà náà. Láti 1908 sí 1912 ni wọ́n wá to òkúta wọ inú òkun lọ, odi mẹ́ta: West Mole, East Mole, àti ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Training Mole, kí omi lè máa ṣàn lójú kan kó sì máa gbá ojú ọ̀nà mọ́ fúnra rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Èkó di ìlú ọkọ̀ òkun, Àpápá di Àpápá. Mi ò bá wọn ṣẹjọ́ lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n típà 137 sí 270 ń bọ̀ lójúmọ́ láti Badagry, wọ́n bá ògiri pàdé. Wọ́n já ẹrù sílẹ̀ níbẹ̀. Lighthouse Beach tó wà ní ìwọ̀-oòrùn West Mole bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń lé òkun sẹ́yìn, ó fẹ̀ síwájú ju ìdajì kìlómítà lọ. Ẹ bá mi wo àwòrán tí wọ́n yà láti òkè, ẹ ó rí i bí ẹsẹ̀ tó wú lápá kan. Ní ìlà-oòrùn, lẹ́yìn East Mole, ìgbì kò mọ̀ pé wọ́n ti ti ọjà. Ó ń kó yanrìn lọ bó ṣe ń kó o tẹ́lẹ̀, kò sì sí tuntun tó ń bọ̀. Etí òkun ibẹ̀ ń fà sẹ́yìn, mítà 20, mítà 30 lọ́dún. Nítòsí East Mole, ohun tó ti lọ láàárín bí ọgọ́ta ọdún lé ní kìlómítà kan.

Fún ìgbà pípẹ́, kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ pariwo, torí àbàtà àti igi àgbọn díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi yanrìn dí àbàtà Victoria Island láti ìparí àwọn ọdún 1950 wọ àwọn ọdún 1960, tí ilé àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè àti ilé ọlọ́lá dé, òkun ní àdírẹ́sì tó lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìwòsàn bẹ̀rẹ̀. Ní 1958 wọ́n gbé ẹ̀ka òkúta kan sídìí East Mole. Láti 1958 sí 1960, wọ́n ń da yanrìn tí wọ́n wà láti ojú ọ̀nà ọkọ̀ sí ìpẹ̀kun East Mole, pé kí ìgbì fúnra rẹ̀ máa pín in. Kò tó.

Ohun tí wọ́n ṣe tẹ̀lé e ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí díẹ̀, torí nínú gbogbo ìtàn yìí, òun nìkan ló mú inú mi dùn. Láti 1960 sí 1968, wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń fa yanrìn sórí East Mole, ó dúró síbẹ̀ gbọn-in. Yanrìn tó bá ti wọ Commodore Channel, ojú ọ̀nà ọkọ̀ yẹn, ni wọ́n ń fà, páìpù á sì tú u sí Bar Beach ní òdìkejì. Nǹkan bí kúbíìkì mítà 660,000 lọ́dún. Ẹ padà lọ wo iye tí òkun ń kó: 500,000 sí 1,000,000. Ẹni tó ṣe ìṣirò yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Kò bá òkun jà. Ó kàn gbé ẹrù onílé kọjá ibi tí ògiri wà, ó sì fi lé e lọ́wọ́ lódìkejì, lójoojúmọ́, bí àwọn tó ń ṣe àjọ ṣe ń dá tiwọn láìpa ọjọ́ kan jẹ. Yanrìn tó sì yẹ kó wà ní Bar Beach gan-an ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n yá níbòmíràn.

Ní Ọsirélíà, lẹ́nu odò Tweed, ibi tí ìpínlẹ̀ New South Wales àti Queensland ti pààlà, irú wàhálà yìí kan náà ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi odi gba ẹnu odò. Iye yanrìn tó ń kọjá níbẹ̀ tó 500,000 kúbíìkì mítà lọ́dún, kò ju tiwa lọ. Láti 2001 ni ẹ̀rọ ti wà lórí afárá kan níbẹ̀, ó ń fa yanrìn láti apá gúúsù, ó ń fi páìpù gbé e gba abẹ́ odò lọ sí apá àríwá. Ogójì ọdún lẹ́yìn tiwa. Tiwa ti dákẹ́ kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

Mo gbàgbé igi. Ní 1964 wọ́n to pákó gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ sí etí omi, wọ́n to ó ní wọ́gọwọ̀gọ, pé kó gba ìgbì. Òkun gbá a lọ.

Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, àṣà mìíràn wọlé: ẹ jẹ́ kó burú, ká wá da yanrìn sí i lẹ́ẹ̀kan náà. 1974 sí 1975, kúbíìkì mítà mílíọ̀nù 3. 1981, mílíọ̀nù 2. 1985 sí 1986, mílíọ̀nù 3. 1990 sí 1991, mílíọ̀nù 5. Ẹ lè mọ̀ láti inú ọdún wọ̀nyẹn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó tún pe ọkọ̀ tí ń fa yanrìn padà.

Mo dé ibẹ̀ pẹ̀lú bùrọ̀dá mi nígbà tí yanrìn tuntun kan ò tíì pẹ́. Ohun tí mo rántí kì í ṣe bó ṣe fẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ̀ débi pé a lè gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Etí rẹ̀ ni. Dípò kó dagẹ̀rẹ̀ wọ omi bí etí òkun gidi, ńṣe ló dúró ṣánṣán bíi búrẹ́dì tí wọ́n fọ̀bẹ gé, ó ga tó àyà mi. Ẹ ń rí ìlà nínú ibi tí omi gé yẹn: yanrìn ràkọ̀ràkọ̀, lẹ́yìn náà èérún ìkarahun, lẹ́yìn náà ìpele kan tó dúdú díẹ̀ tó sì kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Ìgbì á wọ ìdí rẹ̀, á họ ọ́, á padà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin, òkè á ya, á sì wó sínú omi, gbì. Omi ibẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú fún ìṣẹ́jú kan, á mọ́ padà. Bùrọ̀dá mi fà mí lọ́wọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Owó ìjọba lò ń wò yẹn."

Ohun mẹ́ta ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà. Àkọ́kọ́, yanrìn tí wọ́n fi ẹ̀rọ tú kì í wà ní ìdàgẹ̀rẹ̀ tí ìgbì ibẹ̀ fẹ́, nítorí náà ìgbì á kọ́kọ́ tún un tò: á mú nínú ti òkè, á lọ fi tẹ́ abẹ́ omi. Àwọn tó ń wò láti orí Ahmadu Bello Way, títì tó wà létí ibẹ̀, á ní yanrìn ti lọ, bẹ́ẹ̀ apá kan rẹ̀ ṣì wà níwájú wọn lábẹ́ omi, ó ń bá wọn fọ́ ìgbì. Èkejì, gbogbo ibi tó bá yọ síta ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni ìgbì máa ń fá sí ẹ̀gbẹ́; bí ẹ ṣe dà á pọ̀ tó sójú kan ni yóò ṣe yára lọ tó. Ẹ̀kẹta, ìwọ̀n horo. Horo tó tóbi máa ń tètè balẹ̀, ó sì ń dúró. Èyí tó kúnná, ìgbì kan péré ló ń gbé e lọ síbi tó jìn. Ẹni tó bá fi yanrìn kíkúnná rọ́pò yanrìn ràkọ̀ràkọ̀, ajere ló fi ń gbọn omi.

Àwọn ará Èkó ní tiwọn ti dájọ́: wọ́n kówó jẹ. Kí n má parọ́, mi ò ní búra fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ro nǹkan kan. Láti 1974 sí 1991, yanrìn tí wọ́n dà síbẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 3, 2, 3 àti 5, àpapọ̀ mílíọ̀nù 13. Ẹ pín in sí ọdún 17, ó dín díẹ̀ ní 770,000 lọ́dún. Ẹ ò rí i? Iye tí òkun ń gbà ni! Ó bọ́ sáàárín 500,000 àti 1,000,000 gan-an, kò sì jìnnà sí 660,000 tí ẹ̀rọ ń gbé nígbà kan. Kò sí ohun àràmàǹdà kankan níbẹ̀. Gbèsè kan náà la ń san, àmọ́ dípò ká san án lójoojúmọ́, a jẹ́ kó gùn títí ẹni tí a jẹ lówó fi wọ inú yàrá wá, ká tó kó owó ńlá fún un lẹ́ẹ̀kan, ká sì tún lọ sùn. Ẹni tó ń jẹun ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, tí ẹ gbé oúnjẹ ọdún márùn-ún ka iwájú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ má bínú pé ó bàjẹ́ sọ́wọ́ rẹ̀.

Àárín ìsanwó méjì ni òkun ti ń fi ojú wa rí nǹkan. Ní oṣù Kẹjọ 1995, ìgbì ńláńlá kọlù ibẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, èyí tó le jù nínú rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ 17, nígbà tí òkun kún dẹ́múdẹ́mú. Ìgbì ga ju mítà 4 lọ, ó ré kọjá títì, ó kún inú Victoria Island. Omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá gbé ibẹ̀ nígbà náà á sọ fún yín bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe di ọkọ̀ ojú omi. (Maroko tó wà nítòsí ibẹ̀, wọ́n ti lé àwọn ará ibẹ̀ ní oṣù Keje 1990, ọ̀kan lára àwíjàre ìjọba ológun sì ni pé omi yóò gbé ibẹ̀ mì. Orí ilẹ̀ Maroko yẹn náà ni ilé olówó wà lónìí. Omi ò tíì gbé e mì.)

Nígbà tó di 2006, wọ́n pa ọ̀rọ̀ dà. Wọ́n fi kọnkéré tó dà bíi lẹ́tà X to ògiri sí etí títì. Lẹ́yìn ìyẹn ni Eko Atlantic dé: wọ́n fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n fi ṣe ilẹ̀ tuntun tí wọ́n fẹ́ kó tó square kìlómítà 10, wọ́n sì ń to ògiri òkúta àti kọnkéré yí i ká, tí gígùn rẹ̀ nínú àwòrán jẹ́ kìlómítà 8.5. Ààrẹ Goodluck Jonathan àti Bill Clinton wá síbẹ̀ ní oṣù Kejì 2013 láti ṣayẹyẹ. Àwọn tó ń kọ́ ọ sọ pé ibi tí etí òkun wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn kàn dá padà. Ó súnmọ́ òótọ́. Yanrìn tí wọ́n fi ògiri há mọ́ kì í rìn, Ahmadu Bello Way sì ti rí oorun sùn. Ẹlẹ́ṣin, Aládùúrà àti onísùyà ló wá ibòmíràn gbà.

Àmọ́ Ọ̀yìngbò ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí Bar Beach ń rù, ẹni kan wà tó ń sanra sí i tàbí tí kò rù tó bó ṣe yẹ: àwọn tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Mílíọ̀nù 13 tí a rò pé ó ṣòfò, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbà kọjá. Kuramo àti àwọn abúlé Òkun Alfa, Òkun Mopo, Òkun Ajah, ara yanrìn tí wọ́n fi owó ìjọba dà sí Victoria Island ni wọ́n ń jẹ láìmọ̀. Bí a ṣe wá fi ògiri dí Bar Beach, ẹni tó ń fi ara rẹ̀ bọ́ wọn ti di òkúta, kò ní nǹkan fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ní oṣù Kẹjọ 2012, ìgbì ya wọ Kuramo, ó gba àwọn ènìyàn àti ahéré wọn lọ. Òkun Alfa náà pàdánù títì, òpó iná, àti ilé.

Àríyànjiyàn wà níbẹ̀ di òní. Àwọn ará abúlé ní ògiri Eko Atlantic ló fà á. Àwọn tó ni ògiri ní rárá, òkun ti ń jẹ ibẹ̀ kí àwọn tó dé. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ń sọ òótọ́ nípa ọ̀nà kan náà. West Mole ló ti ilẹ̀kùn ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ògiri tuntun ló wá gbé àbọ̀ oúnjẹ tó kù kúrò. Bákan náà ló rí ní ìwọ̀-oòrùn wa: èbúté Lomé ní Tógò gba yanrìn dúró, Aného tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀ ń san án, èbúté Kútọnu gba tirẹ̀, àwọn àdúgbò ìlà-oòrùn Kútọnu ń ṣí ilé. Yanrìn kan náà ló ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn wá sọ́dọ̀ wa.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń to odi òkúta kéékèèké wọ inú òkun láti ìlà-oòrùn Eko Atlantic lọ síhà Òkun Alfa. Méjìdínlógún ni wọ́n pète, ọ̀kan sí èkejì ní mítà 400, gbogbo rẹ̀ kìlómítà 7.2. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe ohun tí West Mole ṣe, ní kékeré: ó ń gba yanrìn dúró sí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ìlà-oòrùn rẹ̀ ń jinlẹ̀ wọ inú ilẹ̀ bí àmì ehín lára àgbàdo. Ẹni tó bá ní ilé láàárín odi kan sí èkejì lè sùn díẹ̀. Lẹ́yìn odi kejìdínlógún, igi àgbọn ṣì ń wó sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan, gbòǹgbò wọn á kọ́kọ́ yọ síta bí irùngbọ̀n, wọ́n á fì síhìn-ín fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn á sì dùbúlẹ̀ kọrí sí òkun.